Ẹnu Tí Kò Jẹ Kì Í Kíni Kú Ìnáwó

"Kọ orúkọ rẹ síbẹ̀, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí o fa gègé. Mi ò kúkú ní kí o yọ ojú rẹ fún mi."

Ọlájídé ló ń sọ̀rọ̀. Ó fara ti tábìlì Ìyádùnní nínú ṣọ́ọ̀bù tí Bàbá Ọláníyì, bàbá Ọlájídé, ti ń ra èkùrọ́ àti kòkó lójú ọ̀nà Òkè-Ìlá. Ó na bébà kan sí i, ó sì fi ọwọ́ kejì tẹ́ sikáàfù aláwọ̀ ojú ọ̀run sórí ìwé rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tẹ́ ọmọ tó sùn. Òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ bo òórùn èkùrọ́ mọ́lẹ̀ pátápátá. Lọ́jọ́ mìíràn, òórùn yẹn nìkan tó láti mú kí Ìyádùnní gbàgbé iye àpò tó wà lórí ìwọ̀n.

Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Ìyádùnní. Ó jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ Mọ́dà, èyí tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn ìwé mẹ́fà, ní ọdún tó ṣáájú, òun sì ni akọ̀wé tó ń kọ orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ Bàbá Ọláníyì sílẹ̀ láràárọ̀: àwọn ọkùnrin tó ń ru àpò, àti àwọn obìnrin tó ń ṣa èèpo kúrò lára èkùrọ́. Ìyá rẹ̀, Ọ̀ṣúnwùmí, wà lára àwọn obìnrin náà. Ọlájídé ní tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, ọdún ló wá ṣe nílé. Láti ìgbà Ọdún Àjíǹde ló ti ń kọ lẹ́tà sí Ìyádùnní, lẹ́tà tó ń ta sánsán bí ẹni fi pawudà kùn ún, tí òkọ̀ọ̀kan wọn sì máa ń bẹ̀rẹ̀ pé, "Sí òdòdó tó hù nínú ọkàn mi." Ọmọbìnrin náà ti mọ gbogbo wọn lórí. Ó fi ríbọ́ọ̀nù dì wọ́n sábẹ́ ẹní rẹ̀. Èyí tó dé kẹ́yìn ṣe ìlérí pé kí Àjíǹde mìíràn tó dé, àwọn ẹbí Ọlájídé yóò ti kan ilẹ̀kùn ilé wọn.

Ṣùgbọ́n bébà tòní kì í ṣe lẹ́tà ìfẹ́. Ìyádùnní ka àkọlé rẹ̀: ÀSÈ ỌDÚN FÚN ÀWỌN ÒṢÌṢẸ́, ỌJỌ́ KEJÌ KÉRÉSÌMESÌ, 1958. Orúkọ òṣìṣẹ́ mọ́kànlélógójì tò tẹ̀lé e, àyè ìtẹ̀ka sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ wọn pé, "Gbogbo wọn jẹ, wọ́n sì yó." Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé, "Èmi tí mo wà níbẹ̀, tí mo fi ojú mi rí i." Àyè òfìfo tó tẹ̀lé ìyẹn ni tirẹ̀.

"Bùọ̀dá Jídé, àsè wo rèé?"

"Èyí tí a ṣe ní ìjẹrin ná."

"Ìṣílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá yín?"

Ọlájídé rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ funfun báláú. "Ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú. Gbọ́ mi. Akọ̀wé owó-orí ń bọ̀ láti Òṣogbo lọ́la. Ohun tí ọ̀gá bá ná láti fi ṣe ọdún fún gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀, ìnáwó iṣẹ́ ni ìjọba kà á sí, wọn kì í gba owó-orí lórí rẹ̀. Àmọ́ èyí tó bá fi ṣe fàájì pẹ̀lú ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìnáwó ara rẹ̀ nìyẹn, owó-orí ń bẹ lórí rẹ̀. Màlúù méjì la pa, Ìyádùn. Odidi méjì!"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ò jẹ níbẹ̀."

"Ṣé wọ́n wà níbẹ̀ àbí wọn ò sí?"

"Wọ́n wà níbẹ̀."

"Ẹ̀hẹ́n!"

Ọ̀rọ̀ náà ò tíì tán. Ọlájídé sún mọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá tilẹ̀ ti rò ó débi tó dára. Lọ́la, lójú akọ̀wé yẹn, kí gbogbo wọn wọlé wá kí Bàbá kú ìnáwó. Ta ni yóò rí ogójì ènìyàn tó ń kí ọ̀gá wọn kú ìnáwó, tí yóò tún máa bi wọ́n bóyá wọ́n jẹun? Abọ́ iyọ̀ kọ̀ọ̀kan ni tiwọn. Ìwọ ni kí o sọ fún wọn, wọ́n fẹ́ràn rẹ."

Ẹ mọ bó ṣe rí nílẹ̀ wa. Bí ènìyàn bá jẹ àsè ẹni lónìí, ojúmọ́ kì í mọ́ kó jókòó sílé. Yóò wá dúró lójúde ẹni tó náwó, yóò ní, "Ẹ kú ìnáwó àná o." Ẹni tó jẹun tí kò padà wá kíni, bí olè làwọn àgbà ń wò ó. Kíkí yẹn ni ìwé ẹ̀rí wa kí ìwé tó dé. Ohun tí Bàbá Ọláníyì fẹ́ rà pẹ̀lú abọ́ iyọ̀ nìyẹn.

Ìyádùnní fi ìka kan sikáàfù náà. Ó rọ̀ múlọ́múlọ́ bí etí ọmọ tuntun. Ẹnu rẹ̀ fẹ́ sọ pé "ó dáa," àmọ́ ó yọ ọwọ́ kúrò lára rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó di ọ̀la, Bùọ̀dá Jídé."

"Mo mọ̀ pé o ò ní dójú tì mí, òdòdó mi." Ó fọwọ́ kàn án lẹ́rẹ̀kẹ́, ó jáde, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò.

Bí ó ti jáde, Bọ́sẹ̀dé, ọ̀rẹ́ Ìyádùnní tó ń rán ẹnu àpò, ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ya òmùgọ̀! Ọkọ ń kan ilẹ̀kùn, o ń bèèrè pé ta ni. Bó bá jẹ́ èmi ni Jídé ní kí n kọ orúkọ, màá kọ tèmi, màá kọ ti ìyá mi, màá sì kọ ti ewúrẹ́ wa mọ́ ọn!"

"Ewúrẹ́ yín kúkú jẹun níbẹ̀," ni Ìyádùnní dáhùn. "Ìyá mi ni ò jẹ."

Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ ìṣílé náà, àwọn ọlọ́lá ti Ọ̀tan wá, wọ́n ti Òṣogbo wá, wọ́n jókòó lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹmu àti bíà ń ṣàn. Láti òwúrọ̀ kùtùkùtù ni wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọkùnrin ru bẹ́ǹṣì. Àwọn obìnrin pọnmi láti odò títí ọrùn wọn fi wọ inú èjìká. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n fi wọ́n sí, nídìí àwo tí wọ́n ń fọ̀, òórùn ẹran dídín ń kọjá nímú wọn. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, aya Bàbá Ọláníyì yọjú lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ ṣeun, ẹ máa lọ. Oúnjẹ ti tán." Ìyádùnní wà níbẹ̀, àwo wà lọ́wọ́ òun náà. Èyí tó fojú rí nìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ iṣu lẹ́yìnkùlé.

"Màámi, Bàbá Ọláníyì ní kí gbogbo yín wá kí àwọn kú ìnáwó lọ́la."

Ọ̀bẹ dúró lórí iṣu. "Ìnáwó wo?"

"Ìnáwó ìṣílé. Lójú akọ̀wé owó-orí. Wọ́n ní àwọn yóò fún yín ní abọ́ iyọ̀ kọ̀ọ̀kan."

Ọ̀ṣúnwùmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Iyọ̀! Ọbẹ̀ wo ni kí n bù ú sí? Èyí tí wọn ò fún mi?" Lẹ́yìn náà ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Wò ó, ọmọ mi. Mo lè ṣa èkùrọ́ ọkùnrin yẹn títí ojú mi yóò fi ṣú. Iṣẹ́ ni, ó ń sanwó rẹ̀. Àmọ́ ọpẹ́ ẹnu mi, tèmi ni. Kò rà á mọ́ iṣẹ́. Ẹnu tí kò jẹ kì í kíni kú ìnáwó."

"Bí wọ́n bá lé yín ńkọ́?"

"Wọ́n á lé mi pẹ̀lú ẹnu mi."

"Èmi ńkọ́, Màámi? Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí ìwé. Bùọ̀dá Jídé ló ní kí n..." Ìyá rẹ̀ mọ̀ nípa Jídé. Ìyá wo ni kì í mọ̀?

Ọ̀ṣúnwùmí tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ iṣu. "Ṣé èmi ni mo lọ síléèwé ni? Mo kàn mọ̀ pé ohun tí o bá kọ, ìwọ ni wọn yóò máa kà."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Ìyádùnní fa àwọn lẹ́tà rẹ̀ jáde, ó tú ríbọ́ọ̀nù wọn. Ó fẹ́ kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀ ni. Ó tẹ́ bébà àsè náà tó mú wálé sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọwọ́ kan náà ló kọ wọ́n. Bí ọwọ́ yẹn ṣe máa ń fi ìrù gígùn sídìí lẹ́tà nínú "òdòdó tó hù nínú ọkàn mi," bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ṣe fi ìrù sídìí "gbogbo wọn jẹ, wọ́n sì yó." Ọwọ́ náà ò gbọ̀n níbì kankan. Bó ṣe rọrùn fún un láti kọ ìfẹ́, bẹ́ẹ̀ ló rọrùn fún un láti kọ irọ́. Ìyádùnní jókòó sórí ẹní, ó ń wò wọ́n títí ojú rẹ̀ ò fi rí wọn mọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, akọ̀wé owó-orí dé. Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí lorúkọ rẹ̀, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó dé fìlà pupa, tí kò gba ẹmu, tí kò gba bíà, omi lásán ló ní kí wọ́n fún òun. Bàbá Ọláníyì gbé agbádá wọ̀, ó jókòó bí ìgbà tí wọ́n fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Ọlájídé dúró lẹ́yìn rẹ̀. Bébà náà wà lórí tábìlì níwájú Ìyádùnní. Ó ti mú un padà wá bó ṣe mú un lọ. Láàárọ̀ yẹn, Ọlájídé ti gbé yíǹkì káàkiri àárín àwọn tó ń ru àpò, bí i mẹ́wàá nínú wọn ti tẹ̀ka. Olúkúnlé, olórí wọn, rọra fi àtàǹpàkò rẹ̀ tó dúdú pa mọ́ sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran jẹ.

"Ẹ wọlé, ẹ wọlé, ẹ̀yin ọmọ mi!" ni Bàbá Ọláníyì wí. Láti ọjọ́ tó ti gbà wọ́n síṣẹ́, kò pè wọ́n lọ́mọ rí. "Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí, àwọn tí mo ṣe ọdún fún nìyí. Wọ́n wá kí mi kú ìnáwó ni."

Wọ́n wọlé. Wọ́n kún inú ṣọ́ọ̀bù.

"Ṣé ẹ ò ní kí mi ni?"

Olúkúnlé tẹ̀ síwájú, ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ kú... ẹ kú..." Ojú rẹ̀ bá ojú Ọ̀ṣúnwùmí tó dúró láàárín àwọn obìnrin. Obìnrin náà kò gbójú kúrò lára rẹ̀. Olúkúnlé forí kanlẹ̀. "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá."

Àwọn obìnrin wólẹ̀ wìì, wọ́n kúnlẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n fi ohùn kan ṣoṣo sọ pé, "Ẹ kú àárọ̀, Bàbá!" Ẹnì kan rẹ́rìn-ín sínú lẹ́yìn.

Òógùn bọ́ lójú Bàbá Ọláníyì. "Wọ́n ti kí mi tẹ́lẹ̀," ni ó wí kíákíá. "Ojú ń tì wọ́n ni. Akọ̀wé mi ló jẹ́rìí sí i, ó wà nínú ìwé. Ìyádùnní, mú ìwé yẹn fún Ọ̀gbẹ́ni."

Ìyádùnní gbé e fún un. Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí kà á látòkè délẹ̀, ó gbójú sókè. "Kò sórúkọ ẹlẹ́rìí nísàlẹ̀ rẹ̀."

"Ó fẹ́ kọ ọ́ nísinsìnyí ni," ni Ọlájídé sọ. Ó wo Ìyádùnní. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti nífẹ̀ẹ́ rí mọ irú wíwò bẹ́ẹ̀. Gbogbo lẹ́tà tó ti kọ ló wà nínú rẹ̀, àti ilé tí wọn yóò kọ́, àti orúkọ ọmọ tí wọn yóò bí. "Òdòdó mi," ni ètè rẹ̀ wí láìfọhùn.

Ìyádùnní di etí tábìlì mú.

"Mi ò kọ ọ́, sà. Mi ò sì ní kọ ọ́."

"Kí ló dé?" ni Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí bèèrè.

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó fojú rí i ni kó fọwọ́ sí i. Ohun tí mo fojú rí kọ́ ló wà níbẹ̀. Mo rí omi tí wọ́n pọn. Mo rí àwo tí wọ́n fọ̀. Mo rí i tí oòrùn wọ̀ tí wọ́n ní oúnjẹ ti tán. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ìyẹn, màá fọwọ́ sí i lẹ́ẹ̀mejì."

"Ìwọ ọmọ yìí!" Bàbá Ọláníyì fò dìde, agbádá rẹ̀ gbá ife omi dànù. "Aláìmoore! Ta ló ra gègé tó wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ̀yin ni, Bàbá. Gègé yín rèé." Ó gbé e sórí tábìlì. "Yíǹkì yín náà rèé. Ọwọ́ tó ń kọ ọ́ nìkan ni tèmi."

Ó kúnlẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò tẹrí ba.

Ọ̀gbẹ́ni Sànúsí fa ìlà gbọọrọ gba ojú bébà náà kọjá. "Ọ̀gá," ni ó wí, ohùn rẹ̀ ò le, "mi ò wá láti ba ọdún ẹnikẹ́ni jẹ́. Ìjọba ò ní kí ọ̀gá má ṣe àsè. Bí ẹ bá ṣe é fún òṣìṣẹ́ yín, láti orí akọ̀wé dórí ẹni tó ń gbálẹ̀, iṣẹ́ ni, ẹ ò ní sanwó-orí lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ṣe é fún ara yín, ẹ kú oríire ilé tuntun, àmọ́ owó-orí rẹ̀ dọwọ́ yín." Bàbá Ọláníyì san án, kọ́bọ̀ kan ò yọ.

Kò tíì dọ̀sán tí wọ́n fi lé Ìyádùnní àti ìyá rẹ̀. Ọlájídé sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyádùn, ṣé bí ìfẹ́ rẹ sí mi ṣe mọ nìyí?"

"Ìfẹ́ mi sí yín ò kéré, Bùọ̀dá Jídé. Èyí tó lè bá yín kọ irọ́ nínú rẹ̀ ni ò sí." Ó tú sikáàfù náà tó ti so mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ láti àná, ó ká a dáadáa, ó fi lé e lọ́wọ́. "Ẹ máa wò ó. Bí ẹ bá rántí ìgbà tí ẹ fún mi, ẹ rántí ohun tí ẹ fẹ́ fi rà pẹ̀lú."

Ó gbórí sókè títí tó fi dé ìkángun òpópónà. Ibẹ̀ ló ti wá sunkún. Ó sunkún fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, nítorí ọkàn kì í mọ̀ pé òótọ́ la sọ, ìyà ló mọ̀. Lẹ́tà kan ò tún wá láti Ìbàdàn. Bọ́sẹ̀dé ò sì jẹ́ kó sinmi: "Ìyàwó owó-orí! Ṣé ìjọba ti wá san owó orí rẹ?" Nígbà ọyẹ́, ìyá àti ọmọ ń ru èkùrọ́ lórí lọ tà ní ìlú Ọ̀rà, ẹsẹ̀ wọn ń là. Òótọ́ kì í tètè gbé oúnjẹ wálé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, àwọn obìnrin tó ń ta èkùrọ́ pàdé lábẹ́ igi lójúde Ọ̀ṣúnwùmí. Wọ́n fẹ́ dá ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n lè máa ta ọjà wọn pọ̀. Ta ni kó wá jẹ́ akọ̀wé? Ìyá arúgbó kan láti Òkè-Ìlá ní, "Èmi ò mọ̀wé. Ẹni tí kò lè kọ irọ́ mọ́ mi lórí ni mo fẹ́. Ọmọ yẹn ńkọ́, tó dá gègé ọlọ́rọ̀ padà fún un?" Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ẹlòmíràn.

Nígbà tí Kérésìmesì 1959 dé, ẹgbẹ́ náà ṣe àsè tiwọn. Màlúù kankan ò kú. Ewúrẹ́ kan ni, àti iyán, àti ẹmu láti oko. Ìyádùnní ka orúkọ gbogbo ẹgbẹ́, ó sì rí i pé àwo kan dé iwájú orúkọ kọ̀ọ̀kan. Olúkúnlé wá pẹ̀lú àwọn tó ń ru ẹrù fún wọn. Bọ́sẹ̀dé tó ń rán àpò fún wọn báyìí jẹ ìjẹ méjì, kò sì tijú. Nígbà tí wọ́n ń jẹun lọ́wọ́, ẹnì kan dúró lẹ́yìn ọgbà, kò lè wọlé, kò lè padà. Ọlájídé ni. Ọ̀ṣúnwùmí bu iyán, ó gbé e lọ bá a. "Jókòó, ọmọ. Ẹni tó bá dé ibi oúnjẹ, oúnjẹ ti kàn án nìyẹn."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìrì ṣì wà lórí koríko nígbà tí Ìyádùnní ṣílẹ̀kùn. Ọlájídé ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja lójúde wọn, ìrì ti rin ṣòkòtò rẹ̀ tó lọ̀ dé orúnkún, kò sì wọ bàtà tó ń dún.

"Ẹ kú ìnáwó àná o, Ìyá," ni ó wí.

"A dúpẹ́, ọmọ," ni Ọ̀ṣúnwùmí dáhùn, ó sì wọlé, ó fi wọ́n sílẹ̀.

Ọlájídé dìde. Ó wo Ìyádùnní, ó wo ilẹ̀. "Sikáàfù yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná."

"Títí dìgbà wo?"

Àyà Ìyádùnní ń lù kìkì bí ti àtijọ́, ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ ò tẹ̀. "Títí tí n óò fi rí i pé bí ẹ ṣe kí wa lónìí lẹ óò ṣe máa kíni. Ẹ lọ kọ́ ọwọ́ yín ní òótọ́. Bí ó bá mọ̀ ọ́n, kó wá kọ̀wé sí mi."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó fẹ́ràn yín lè bẹ̀ yín lọ́jọ́ kan pé kí ẹ fọwọ́ sí ohun tí ẹ ò rí. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò pè yín lódòdó, yóò ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ fa gègé. Ẹ má fà á. Ẹni tó bá lé yín níṣẹ́ nítorí òótọ́, iṣẹ́ nìkan ló gbà. Bí ẹ bá fọwọ́ ara yín ta orúkọ yín, kò sí abọ́ iyọ̀ tó lè rà á padà.